Ru Ẹrù Rẹ Fúnra Rẹ

                                        Ilé Ìyá Kùdírátù Aláṣọ,
                                        Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí, Zongo,
                                        Parakou.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kọkànlá, 1983.

Àbíkẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n tó ń bínú,

Mo kí ọ, mo tún kí ọ, mo sì fi ìkíni kẹta lé e nítorí mo mọ̀ pé o ò ní dá méjì àkọ́kọ́ lóhùn. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara bàbá rẹ le, ṣé ẹ̀rọ ìránṣọ wọn tó máa ń jẹ òwú nígbà tí ẹ wà níbí ti jáwọ́ nínú ìwà yẹn ní Ṣábẹ̀? Ìyá rẹ ńkọ́, àti orúnkún tó máa ń dùn wọ́n bí ọyẹ́ bá ti dé? Ọyẹ́ ti dé sí wa níbí o. Ètè gbogbo wa ti là, ẹni tó bá rẹ́rìn-ín lójijì ń kábàámọ̀ ni. Mo kí gbogbo ilé kú ọyẹ́.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ Bàbá Abraham tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì nínú ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n dúró tì mí kí n kà á, wọ́n ní ojú rẹ nígbà tí o fi rán wọn kò jọ ojú ẹni tó ń kí èèyàn. Mo já a. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni "Kámáráàdì Kùdírátù". Háà, Àbíkẹ́! Èmi àti ìwọ tí a jọ pín orí ẹja kan ṣoṣo láìjà! O pè mí ní kámáráàdì bí ẹni tó ń kọ̀wé sí ọ́fíìsì pé kí wọ́n wá tún kànga ṣe. Mo sáré wo ìsàlẹ̀ ìwé, mo rí "Ìjàkadì ń tẹ̀síwájú" níbi tó yẹ kí orúkọ ìnagijẹ rẹ wà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ pátápátá.

O ní o gbọ́ orin mi lórí rédíò nílé tàǹtí rẹ. O ní o ń jó, o ń sọ fún gbogbo ilé pé ọ̀rẹ́ rẹ ló ń kọ ọ́, títí ẹsẹ̀ kẹta fi dé tí o jókòó wọ̀ọ̀. O ní ìwọ ni mo fi ẹsẹ̀ kẹta bú lójú gbogbo orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Nítorí náà kí n lọ wá ẹlòmíràn tí yóò gbe orin lẹ́yìn mi níbi àjọ̀dún Kútọnu tí mo ránṣẹ́ pè ọ́ sí, ìwọ ò wọkọ̀ kankan. Jọ̀ọ́, má tíì fa lẹ́tà yìí ya. Jẹ́ kí n sọ bí orin náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹni tí mo torí rẹ̀ kọ ọ́, àti ohun tí ojú mi ti rí nítorí rẹ̀. Ní ti ẹsẹ̀ kẹta, mo ń bọ̀ níbẹ̀, mi ò ní sá fún un.

Ṣé o rántí Fọláránmi, ọmọ Kétu tó ń gbé ní Albarika, èyí tí irun rẹ̀ tó agbọ̀n? Kò pẹ́ tí o lọ ni ó dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀, ó pè é ní Mànàmáná Albarika. Òun ló ń ta gìtá, Tìjáànì ń lu ìlù òyìnbó, èmi ni mò ń kọrin. Díẹ̀díẹ̀, o mọ bó ṣe máa ń rí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sin mí dé ilé. Ó ní ojú mi ń tàn, ó ní ohùn mi ń wọ òun lára. Èmi náà gbà, nítorí ojú mi ń tàn lóòótọ́, kò sì sí ẹni tó ti sọ ọ́ fún mi rí àfi ìwọ.

Wàhálà ibẹ̀ ni áńpílì. Áńpílì ni àpótí dúdú tí wọ́n ń so gìtá mọ́ kí ó lè pariwo, ó sì wúwo ju àgbò ńlá lọ. Láti Albarika dé Ilé Ọ̀dọ́ tí a ti ń kọ́ orin, ta ni o rò pé ó ń rù ú? Fọláránmi ní ẹni tó ń ta gìtá kò gbọdọ̀ gbé ẹrù wúwo, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Mo ní ṣebí orí la fi ń ru ẹrù. Ó fọwọ́ kan irun rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, "Kùdí, wò ó dáadáa. Ibo ni òṣùká máa jókòó sí?" Báyìí ni mo di aláàárù. Yóò máa rìn níwájú pẹ̀lú gìtá lẹ́yìn, òòyà lọ́wọ́, èmi yóò máa tẹ̀lé e pẹ̀lú áńpílì lórí. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀, yóò máa ya irun. Mo sunkún níjọ́ kan, ó ń ya irun. Ó tiẹ̀ ní kí n bá òun wo ẹ̀yìn bóyá ó dọ́gba.

Mo pinnu pé mo fẹ́ kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni n ó ṣe sọ ọ́? Kò lù mí, kò bú mí, kò sì bá ọmọbìnrin mìíràn rìn. Ìyá rẹ̀ ni oníbàárà ìyá mi tó dára jù ní ọjà Arzèkè. Ṣé kí n la ẹnu kí n sọ pé irun rẹ ni mo kọ̀? Mo wá ronú sí bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe é. Ìwọ náà dàgbà nínú agboolé, o mọ̀ pé bí ìyàwó kan bá ní ohun kan nínú sí èkejì, kò ní bá a jà. Yóò mú ọmọ odó, yóò máa gúnyán, yóò sì máa kọrin sí afẹ́fẹ́. Kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí orin ń bá wí yóò mọ ara rẹ̀. Bó bá sì dáhùn, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Mo ní ó dára, n ó fún Fọláránmi ní ààbọ̀ tirẹ̀.

Ìdí ebè iṣu ilé ẹ̀kọ́ wa ni mo ti kọ orin náà, lọ́jọ́ tí wọ́n kó gbogbo kíláàsì wa lọ tu koríko fún Ìyípadà tí ìjọba ń pariwo. Bí mo ti ń fa koríko ni orin ń wá. O ti gbọ́ ọ lórí rédíò, ṣùgbọ́n ka ègbè àti ẹsẹ̀ méjì àkọ́kọ́ jẹ́jẹ́ báyìí tí gìtá ò sí níbẹ̀:

Ru ẹrù rẹ fúnra rẹ,
ọrùn ń dùn mí o.
Ìfẹ́ kì í ṣe àárù,
èmi kì í ṣe aláàárù rẹ.

O ní mo dára, mo dúpẹ́,
o gbé ẹrù lé mi lórí.
O ní mo wuyì, mo dúpẹ́,
o tún wá òmíràn lé e.

Mo ń sọ̀rọ̀, ò ń ya irun,
mo ń sunkún, ò ń ya irun.
Lọ fẹ́ òòyà rẹ níyàwó,
kí ẹ jọ máa gbé.

Àbíkẹ́, sọ òótọ́. Ṣé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ àdírẹ́sì ilé rẹ̀ sí i! Ọjọ́ tí mo kọ ọ́ fún wọn ní Ilé Ọ̀dọ́, Tìjáànì dá igi ìlù dúró sókè, ó wo Fọláránmi, ó wò mí, ó sì wo ilẹ̀. Fọláránmi ní tirẹ̀ fò sókè. Ó ní, "Sẹ bọ̀n! Sẹ tirẹ́ bọ̀n! Ó dára gan-an! Ta ni ọmọkùnrin burúkú yìí?" Mo ní ó wà níbì kan. Ó ní ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọbìnrin kò lójú àánú. Ó jókòó, ó wá ohùn gìtá sí i. Níbi tí mo ti ń pè pé èmi kì í ṣe aláàárù rẹ, ó fi gìtá dáhùn pẹ̀lú ojú dídì, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n ń fi ẹrù jẹ níyà. Orin náà dùn débi pé èmi fúnra mi gbàgbé ohun tí mo ń bínú sí. Nígbà tí a parí, ó ya irun, ó ní, "Ó yá, Kùdí, gbé áńpílì ká máa lọ."

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe lọ́jọ́ tí rédíò ránṣẹ́ pè wá. Èmi, Kùdírátù ọmọ Zongo, ni mo ru áńpílì la ìlú já láti lọ kọ orin pé n kò ní ru ẹrù mọ́. Ọkùnrin tó ń bá wọn gba ohùn sílẹ̀ wo òógùn ojú mi, ó ní ó dáa, ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà ti ọkàn mi wá.

Orin jáde. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ibi tí wọn ò ti kọ ọ́. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń kọ ọ́, àwọn oníkẹ̀kẹ́ Zongo ń fi súfèé. Ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé gbogbo ìlú ló mọ àṣà àwọn ìyá wa bí èmi ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí orin ò ti dárúkọ ẹnikẹ́ni, kálukú gbà pé òun ló ń bá wí, tàbí pé ẹni tó wà nílé òun ni. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ tí mo sọ di odindi nínú gbogbo ènìyàn, àfi nínú ẹni kan ṣoṣo tí mo sọ ọ́ fún.

Ìyá Àràmọ́tù, ìyàwó Alájì Kàsìmáwò tó ní ọkọ̀ akẹ́rù, kọ ọ́ sí ọkọ rẹ̀ létí nígbà tí Alájì ní kí ó gbé omi ìwẹ̀ wá. Ó kọ ọ́ láti òwúrọ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán fi jóná. Alájì gbé korobá omi fúnra wọn, gbogbo àdúgbò sì jáde wá wò bí ẹni ń wo ìgbéyàwó. Láti ọjọ́ yẹn, Alájì ò dá ìkíni mi lóhùn dáadáa mọ́.

Èyí tó burú jù ni ti ìyá mi. Ìyá mi gbà pé àwọn ni! O mọ̀ pé èmi ni mo máa ń ru ìdì aṣọ lọ sí Arzèkè ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Lọ́jọ́ kejì tí orin jáde, mo jí, mi ò bá ìdì aṣọ níbi tó máa ń wà. Ìyá mi ti rù ú lọ. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n jókòó síwájú yàrá mi, wọ́n di ọrùn mú, wọ́n ń kérora díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni, kí afẹ́fẹ́ ṣáà gbọ́ ni. Mo ní, "Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín rù ú lọ́la." Wọ́n ní, "Rárá o, ọmọ mi. Ìfẹ́ kì í ṣe àárù." Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e.

Ní ọjà ńkọ́? Àwọn aláàárù Arzèkè gba orin náà tọwọ́tẹsẹ̀. Gàní, olórí wọn, ní láti ìgbà tí òun ti ń ru ẹrù, kò sí olórin tó ti rántí ọrùn òun rí. Ní ọjọ́ ọjà ńlá kan, gbogbo wọn jókòó sórí òṣùká wọn, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n ń kọrin. Bí oníṣòwò bá ní kí wọ́n wá gbé nǹkan, wọn á gbe orin fún un. Ká ní o rí àwọn ọ̀gá oníṣòwò bí wọ́n ti ń yí àpò ìrẹsì nílẹ̀ bí àwọn yímíyímí. Inú mi dùn díẹ̀, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìròyìn dé ọ̀dọ̀ délégé, aṣojú ìjọba ní àdúgbò wa, wọ́n sì ránṣẹ́ pè wá.

Délégé náà ni Kámáráàdì Ọlágbénró, tó tún ń bójú tó oko ilé ẹ̀kọ́ wa. O mọ̀ wọ́n. Àwọn náà ni wọ́n máa ń ní kí á ru iṣu Ìyípadà dé ilé wọn, kí iṣu má baà tutù. Ilé ìpàdé kún. Ìyá mi àti ìyá Fọláránmi wà níbẹ̀, Alájì Kàsìmáwò wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó wọn, Gàní àti àwọn aláàárù dúró lẹ́yìn. Kámáráàdì Ọlágbénró kí wa pẹ̀lú ìkúùkù lókè, wọ́n sì dojú kọ mí.

"Bọ̀n, ó dáa. Kámáráàdì ọ̀dọ́bìnrin, orin yín dùn. Ṣùgbọ́n ọjà ti dúró. Ta ni orin yìí ń bá wí?"

Mo mi orí. A kì í dárúkọ ẹni tí orin ń bá wí.

"Bí kò bá sí orúkọ, àwa á gbà pé Ìyípadà ló ń bá wí. Bó bá sì jẹ́ Ìyípadà, Mànàmáná Albarika ò ní lọ sí Kútọnu fún àjọ̀dún. Sẹ klẹ́ẹ̀? Ṣé ó yé yín?"

Mo wo yàrá yí ká. Àbíkẹ́, kò sí àgbàlagbà kan tí kò wo ilẹ̀! Alájì ń ka ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà wọn, ìyá mi ti di ọrùn mú, délégé fúnra wọn ń nu òógùn, mo sì mọ̀ pé iṣu ni wọ́n ń rò. Gbogbo wọn ń bẹ̀rù pé n ó dárúkọ àwọn. Bí mo bá dákẹ́, ìrìn-àjò wa bàjẹ́. Bí mo bá sọ̀rọ̀, Fọláránmi á tẹ́ lójú ìyá rẹ̀ àti ìyá mi.

Fọláránmi bá dìde. Irun rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gílóòbù iná. Ó ní, "Kámáráàdì délégé, èmi mọ ẹni tó ń bá wí." Mo ní àṣé ó ti yé e! Àṣé ó fẹ́ jẹ́wọ́ bí ọkùnrin!

Ó ní, "Àwọn òyìnbó amúnisìn ni. Wọ́n gbé ẹrù wọn lé Áfíríkà lórí. Áfíríkà ń sunkún, wọ́n ń ya irun."

Kámáráàdì Ọlágbénró bi í pé, "Ẹsẹ̀ kẹta ńkọ́, ti ọkọ̀ ojú irin?"

"Ọjọ́ tí wọ́n kó ẹrù wọn lọ sílé ni."

"Ehuzu!" ni délégé fi bọnu, igbe Ìyípadà ní èdè Fọ̀n, inú wọn dùn débi pé wọ́n fò lórí àga. "Dandan!" ni gbogbo wa fi dá wọn lóhùn. Alájì Kàsìmáwò pariwo ju gbogbo wa lọ. Ìyá mi fi ọrùn sílẹ̀. Gàní nìkan ni kò pàtẹ́wọ́, ó ní orí òun kọ́ ni òyìnbó gbé ẹrù lé lọ́jọ́ ọjà tó kọjá. Wọ́n ní ká lọ sí Kútọnu, kí á sì kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà.

A jáde síta níbi tí a sọ áńpílì kalẹ̀ sí. Fọláránmi na ara, ó ya irun, ó ní, "Ó yá, gbé áńpílì."

Mo gbé e. Mo rù ú títí a fi dé iwájú ọgbà àwọn mẹkaníìkì ní Zongo. Ibẹ̀ ni mo ti ronú pé ọmọkùnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wá sílẹ̀ tán, kò sì mọ̀ pé ara òun ló ń bò láṣìírí. Ojú tì mí. Mo sọ áńpílì kalẹ̀ sáàárín ọ̀nà.

"Fọláránmi, kì í ṣe àwọn òyìnbó."

"Mo mọ̀. Mo kàn sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè jẹ́ ká lọ ni. Délégé ni, àbí? Ti iṣu yẹn."

"Ìwọ ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wò mí, ó wo áńpílì, ó fọwọ́ kan irun rẹ̀. Mo bá kọ ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ àti èkejì fún un, jẹ́jẹ́, láìsí gìtá, áńpílì wà láàárín wa. O ò jẹ́ gbà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó gbọ́ orin yẹn, nítorí gbogbo ìgbà tí a bá ń kọ ọ́, gìtá ara rẹ̀ ló ń gbọ́. Ó jókòó sórí áńpílì gẹ̀ẹ́.

Ó ní, "O ò bá sọ fún mi."

Mo ní, "Mo ti sọ. Lórí rédíò."

Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá òun náà ló ni ẹsẹ̀ kẹta, nítorí òun ò wọ ọkọ̀ ojú irin rí láyé òun. Mo ní ìyẹn kì í ṣe tirẹ̀. Ó dìde, ó ní kí n gbé e ru òun. Mo gbé e rù ú, Àbíkẹ́, mo sì gbọ́ bí irun yẹn ti ṣe fùù lábẹ́ áńpílì. Ó ń lọ, ó ń ta gẹ́ẹ́gẹ̀ẹ́gẹ́, kò wẹ̀yìn. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pè é padà, ọrùn mi ló kọ̀.

Má bá mi káàánú rẹ̀ púpọ̀ ṣá. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti ń lọ káàkiri Zongo, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé òun ni wọ́n kọ orin inú rédíò fún. "Èmi ni ò! Èmi ni mò ń ya irun!" Àwọn ọmọbìnrin ń pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ya irun fún wọn wò. Alájì Kàsìmáwò gbọ́, wọ́n bínú jáde. Wọ́n ní irọ́ ni, àwọn ni orin náà ń bá wí, kí ẹnikẹ́ni béèrè lọ́wọ́ ìyàwó àwọn. Àwọn méjèèjì ń jiyàn lójú títì, Ìyá Àràmọ́tù sì ń jẹ́rìí fún ọkọ rẹ̀. Ní Arzèkè, àwọn aláàárù ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n oníṣòwò tó bá fẹ́ kí wọ́n ru ẹrù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi wọ́n pé ọrùn ńkọ́. Èmi sì sọ fún ìyá mi pé àwọn kọ́ ni orin náà ń bá wí. Ara tù wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbé ìdì aṣọ méjì lé mi lórí lójú ẹsẹ̀.

Ó yá, ẹsẹ̀ kẹta.

Mo ru ẹrù rẹ dé lagáà,
ọkọ̀ fọn fèrè, o wọlé.
Mo ń juwọ́, mo ń juwọ́,
o ò wẹ̀yìn.

Ìwọ ni, Àbíkẹ́. O ò ṣì í gbọ́. Nínú gbogbo ìlú tó ń rò pé àwọn ni, ìwọ nìkan lo mọ tirẹ. Mo ru àpótí aṣọ rẹ dé lagáà tí ọkọ̀ ojú irin ti ń gbéra lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ, ọlọ ìyá rẹ wà nínú rẹ̀, ẹ ò sì sọ fún mi. Mo dúró títí àgọ́ ìkẹyìn ọkọ̀ fi wọ inú igbó kajú. Mo rìn padà sílé pẹ̀lú òṣùká lórí, ìyá mi ló bá mi ṣí i. Nígbà tí mo ń kọ orin Fọláránmi ní ìdí ebè, ẹsẹ̀ méjì ti tó fún un, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣì wà lọ́fun mi, òun ló jáde. Kì í ṣe èébú. Àárò rẹ ló ń sọ mí.

Ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ, lókè "Ìjàkadì ń tẹ̀síwájú", o fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́ pé ẹkún ni ò jẹ́ kí o wẹ̀yìn, pé o ò fẹ́ kí n rí i. Mi ò mọ̀. Gbogbo oṣù wọ̀nyí, mi ò mọ̀. Bàbá Abraham ló bá mi di ìwé mú nígbà tí mo kà á débẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ta ló kú.

Mo ti wá fi ìlà kan kún ẹsẹ̀ náà. Lẹ́yìn "o ò wẹ̀yìn", n ó dákẹ́, gìtá á dákẹ́, ẹni tó ń gbe orin lẹ́yìn mi á wá dá kọ ọ́ pé, "Omi ló kún ojú mi." Mi ò lè kọ ìlà yẹn fúnra mi, mi ò sì ní fún ẹlòmíràn kọ. Bí o ò bá wá, a ó dákẹ́ níbẹ̀ lójú gbogbo Kútọnu, kí wọ́n rò pé a gbàgbé orin.

Sátidé, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ni a ń lọ. Ọkọ̀ ojú irin òwúrọ̀ la ó wọ̀, yóò sì dúró ní Ṣábẹ̀. N ó yọ orí lójú fèrèsé. O ó mọ àgọ́ wa, Fọláránmi á jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú fìlà lórí nítorí ohun tí áńpílì ṣe fún irun rẹ̀. Bá mi kí bàbá àti ìyá rẹ, kí o sì kí tàǹtí rẹ tó ní rédíò. Ìyá mi ní kí n kí ọ, Tìjáànì kí ọ, Gàní àti gbogbo aláàárù Arzèkè kí ọ láìmọ̀ ọ́n. Bí o bá ti dé lagáà, má pe ẹnikẹ́ni sí ẹrù rẹ, kódà bí ọlọ ìyá rẹ bá tún wà nínú rẹ̀. Dúró tì í. N ó sọ̀kalẹ̀ wá.

                                        Èmi ni aláàárù rẹ,
                                        Kùdí.